Ibi Mẹ́rin Tí Òjé Kò Kàn

Ní gbogbo etí adágún yẹn, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi ṣe jìn tó, Omurzak ni wọ́n máa ń ní kó lọ bi. Kì í ṣe pé ó kàwé rẹpẹtẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ju òjé tí wọ́n so mọ́ okùn sínú adágún tí wọ́n fi ìdídò ṣe lórí odò Narin, kí iná mànàmáná lè wà. Bí okùn bá ti ń yọ̀ gba àárín ìka rẹ̀ lọ, á ti mọ̀ bóyá ẹrẹ̀ ni òjé bà lé, tàbí iyanrìn, tàbí òkúta. Ọmọlúàbí ni. Kì í mutí, kì í jà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ kó purọ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí kì í ṣe ìkà èèyàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìkà ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má dùn mí tó báyìí.

Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyí. Wọ́n ri òpó símẹ́ńtì mọ́ bèbè adágún lọ́tùn-ún lósì, òpó kọjú sí òpó, wọ́n sì fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lọ́dọọdún, kí òtútù tó mú, ọkọ̀ á gba orí ìlà kọ̀ọ̀kan kọjá, á máa dúró níbi tó dúró sí lọ́dún tó kọjá gẹ́lẹ́. Omurzak á sọ òjé sílẹ̀, á ké iye mítà tí okùn sọ, Rinat ọ̀gá ọkọ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n bá padà dé èbúté, wọ́n á yọ iye yẹn kúrò nínú gíga omi àárọ̀ ọjọ́ náà, torí omi adágún ń lọ sókè sódò láàárín ọdún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹrẹ̀ tí odò ń gbé bọ̀ ń kún ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìjọba sì fẹ́ mọ bó ṣe kún tó. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wọn àárín gbùngbùn, níbi tí ó jìn jù, àmọ́ nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká, ẹ̀rọ náà bàjẹ́, kò rí ẹni tún un ṣe. Ní ti àwọn kọ̀rọ̀ tí omi ti wọ àárín òkè, òjé ni wọ́n ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń fi ọ̀rá ìrù àgùntàn kun ìdí òjé náà. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, á bá a gòkè wá, wọ́n á sì rí irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Jumadil, ọkọ ẹ̀gbọ́n Omurzak, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sinmi. Bí wọ́n bá ti jókòó ti oúnjẹ, á ní, "Omi náà ń jẹ ọ̀rá ju èmi lọ. Ó kù kó o bá a se ẹran sí i." Omurzak á fèsì pé omi kì í ráhùn, kò dà bí àwọn kan. Ọkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyàwó ni wọ́n, ẹ̀fẹ̀ ló sì yẹ wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gidi.

Ìlà kẹrìnlá ló fa wàhálà. Ó gba kọ̀rọ̀ kan kọjá lókè ibi tí abúlé Ak-Terek wà kí omi tó bò ó, níbi tí wọ́n ti bí Omurzak. Nígbà tí omi ń bọ̀, wọ́n kó alààyè, wọ́n kó ilẹ̀kùn àti igi òrùlé, àwọn mìíràn tilẹ̀ hú òkú wọn gbé lọ sókè. Ṣùgbọ́n itẹ́ òkú náà tóbi, omi ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá Omurzak wà lára àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí obìnrin náà kú, kò tilẹ̀ rántí ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Anarkan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló pọ̀n ọ́n. Anarkan fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ó gé ẹ̀wù òtútù tirẹ̀ rán sí i lọ́rùn, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gẹṣin, òun ló sì lọ bá àwọn àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó fẹ́ gbéyàwó.

Lọ́dún tí Omurzak kọ́kọ́ dé orí ìlà kẹrìnlá, ó wo òkè ọ̀tún, ó wo òkè òsì, ó sì mọ̀ pé mẹ́rin nínú ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí bọ́ sórí itẹ́ òkú. Kílò méjìlá ni òjé náà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá gun ẹṣin kọjá lẹ́bàá ibojì, á sọ̀ kalẹ̀, á ka Kùránì, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ojú. Báwo ni èèyàn ṣe máa wá ju kílò méjìlá òjé lé ìyá rẹ̀ lórí? Bó bá sì sọ fún Rinat, ẹ̀rín ni onítọ̀hún máa rín. Ó sọ òjé sílẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan, ó dá a dúró nígbà tó ku mítà kan kó kanlẹ̀, ó sì ké iye tó yẹ kó jẹ́.

Kò ṣòro fún un. Ó ti wo gíga omi ní èbúté láàárọ̀, ó mọ iye tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kọ nípa ìsàlẹ̀, ó ṣírò ó lọ́kàn. Ta ló máa mọ̀? Nínú gbogbo ọkọ̀ náà, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ohun tí okùn ń wí. Òjé rọ̀ dirodiro sínú omi lókè àwọn òkú Ak-Terek, Omurzak ń ké "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!", Rinat ń kọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe é. Ó di àṣà. Láàárín ara rẹ̀, ó ń pè é ní iṣẹ́ ọmọ sí ìyá, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, kí á má parọ́.

Ọdún kejìdínlógún rèé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọjọ́ yẹn, ìṣirò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ wà ní mítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó fẹ́ dá òjé dúró ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bí ìṣe rẹ̀. Ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, okùn rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òjé ti kanlẹ̀. Ara rẹ̀ bù mọ́ ọn bíi ti ẹni tó tẹ ọmọ lójú oorun mọ́lẹ̀, ó fa okùn náà sókè wàrà, ó ké mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n díẹ̀. Rinat bi í bóyá òtútù ń mú un.

Nígbà tí òjé jáde, nǹkan ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú ni, ì bá rò pé odò ló gbé e wá, pé Ọlọ́run ń fi aṣọ bo àwọn òkú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí odò tó ṣàn wọ kọ̀rọ̀ yẹn. Ilẹ̀ pupa rúsúrúsú tó dà bí pupa inú ẹyin sísè ló lẹ̀ mọ́ ọn, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, òkè Sary-Jar ni, ní bèbè gan-an, níbi tí ilé Anarkan àti Jumadil wà pẹ̀lú igi ápù méjìdínlógún tí wọ́n gbìn. Òkè náà ń yọ́ wọ abẹ́ omi, ó ń ti ìsàlẹ̀ sókè. Omurzak mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi apá ẹ̀wù nu ọ̀rá náà kí Rinat tó yíjú.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò sọ. Mo ti rò ó títí, òun náà sì ti rò ó jù mí lọ. Bó bá sọ pé ìsàlẹ̀ ti ga, wọ́n á bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Á di dandan kó jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀, pé ọdún méjìdínlógún ni òun fi ń ké ohun tí ọwọ́ òun kò gbọ́. Ojú tì í. Ó ní òun á wọ̀n ọ́n dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, ó dá òjé dúró lókè sí i kó má bàa kanlẹ̀, ó sì tún ké iye àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń sún un síwájú fún ọdún mẹ́rin.

Láàárín ìgbà yẹn, ògiri ilé Anarkan bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó kọ́kọ́ dà bí ìlà irun, nígbà tó yá ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀ ọ́. Jumadil lọ kígbe ní ọ́fíìsì àdúgbò. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá, ó wo ilẹ̀, ó lọ ṣí ìwé àwọn tó ń wọn omi, ó rí i pé láti ogún ọdún sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ iwájú Sary-Jar kò kúrò lójú kan. Ó ní omi yìnyín tó ń yọ́ ló ń la ògiri. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà kò wọ Jumadil létí. Ó ní àwọn á kó lọ sókè, sọ́dọ̀ ọmọ ìyá òun. Anarkan ò fẹ́ fi igi ápù rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe olórí kunkun. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìkórè, ó gbé oúnjẹ síwájú àbúrò rẹ̀, ó jókòó, ó bi í ní ojú ọkọ rẹ̀.

"Omurzak, ìwọ lo mọ abẹ́ omi yìí. Ilẹ̀kùn wa ò ṣe é tì mọ́. Ṣé ilẹ̀ ń lọ lábẹ́ wa ni? Ohun tó o bá sọ la máa ṣe."

Òkèlè wà lẹ́nu Omurzak. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé e mì. Ó rí Jumadil tó ń wo òun, kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ̀ pé ẹnu òun nìkan ni wọ́n ń wò.

"Kò yí padà, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Látọjọ́ tí mo ti ń wọ̀n ọ́n, kò yí padà."

Anarkan yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sọ ọ́." Jumadil mi orí, ó ní kò burú, kí wọ́n fún òun lẹ́ran kí òjé tó jẹ ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ kíkó parí síbẹ̀. Omurzak ń lọ sílé lórí ẹṣin, ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òkè kì í wó lọ́jọ́ kan, pé ìgbà tí omi bá tún kún, òun á ju òjé náà kanlẹ̀, òun á sì jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé. Lóòótọ́ ló pinnu rẹ̀. Mo gbà á gbọ́.

Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sary-Jar já. Ọ̀sán gangan ni. Anarkan lọ sọ́jà ní ìlú, Jumadil wà nílé, ó ń gé ẹ̀ka gbígbẹ lára igi ápù. Àwọn darandaran tó wà ní òdìkejì omi ní àwọn rí i tí òkè náà jókòó bí àgbàlagbà tó rẹ̀, tó sì yọ̀ wọ inú omi pẹ̀lú ilé, pẹ̀lú igi, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Omi dìde, ó gba bèbè kejì, ó padà. Wọ́n wá Jumadil fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọn ò rí i.

Nígbà tó di ìgbà wíwọ̀n, wọ́n gba orí ìlà kẹrìnlá bí ìṣe wọn. Ní ibi mẹ́rin náà, Omurzak ju òjé sílẹ̀, kò dá a dúró. Mítà mọ́kànlélógún ló kanlẹ̀. Ó ké e. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n lọ́tẹ̀ yìí, omijé ló ń bọ́. Rinat fi ọwọ́ gbá a léjìká, ó rò pé àna rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ló ń sun ún lẹ́kún. Ọdún náà ló fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Anarkan kó wá sí ìlú, sínú yàrá méjì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á gbé òróró kaná, á din boorsok, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, kí òórùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, á ka àdúà fún Jumadil. Omurzak kì í pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ. Òun náà á jókòó, á mu tíì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ náà ni Anarkan á sọ ọ̀rọ̀ kan náà, nígbà mìíràn bó ṣe ń yí boorsok nínú epo, nígbà mìíràn bó ṣe ń nu ọwọ́: Jumadil fẹ́ kó lọ, òun ni òun ní kó dúró. Òun ni òun fi igi ápù pa ọkọ òun. Kò bá Omurzak wí rí. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń bú àwọn tó ń wọn omi, òun ló gbèjà rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi àbúrò òun sílẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ inú òkè. Omurzak á tẹjú mọ́ àtẹ́, á jẹ boorsok, kò ní mọ adùn rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà!

Ẹnjiníà kan wá dé láti olú ìlú, Begimay lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀rọ tuntun ló gbé wá, èyí tó ń rán ohùn sísàlẹ̀ tí ohùn á sì padà wá jíṣẹ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ mọ bí ìwé àtijọ́ ṣe rí. Ọjọ́ kẹta ló wá kan ilẹ̀kùn Omurzak, ó bọ́ bàtà, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun ní ìbéèrè.

Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀. Ó fi hàn án pé ní gbogbo orí ìlà, ìsàlẹ̀ máa ń mì díẹ̀ lọ́dọọdún nínú ìwé, àtẹ́lẹwọ́ kan sókè, àtẹ́lẹwọ́ kan sísàlẹ̀, torí okùn ń fà, ọkọ̀ ń yí, ọwọ́ ènìyàn sì ni. Àmọ́ ibi mẹ́rin wà tí kò mì rárá láti ọdún kìíní dé ọdún kejìlélógún.

"Bàbá," ó ní, "ta ló ń ju òjé nígbà yẹn?"

"Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Etí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bọ́ sí. Begimay fi pẹ́ńsùlù yí ibi mẹ́rin náà po nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó ní òun á kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo iye ibi mẹ́rin yẹn mọ́, òun ò ní kọ orúkọ. Ó ní ìyá òun náà wà nínú ilẹ̀. Ó ká ìwé rẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ.

Ẹ rí i pé ọ̀nà àbáyọ ti là fún un. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó lè máa jẹ boorsok rẹ̀ lọ títí tí yóò fi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì máa gbèjà rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó sùn ni pé ẹ̀gbọ́n náà á máa pe ara rẹ̀ ní apànìyàn títí òun náà yóò fi kú, òun Omurzak nìkan ló sì lè gba ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀. Bó bá gbà á, ó mọ ohun tí yóò pàdánù. Kò ní ìyá mìíràn láyé yìí.

Ọjọ́bọ̀ dé, ó lọ. Anarkan ti gbé òróró kaná. Kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ igi ápù rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti itẹ́ òkú, ti òjé tó so rọ̀, ti ilẹ̀ pupa tó nù kúrò. Anarkan ń gbọ́, ó ń yí boorsok. Ó kó èyí tó kẹ́yìn kúrò nínú epo kó tó yíjú.

"Lọ́jọ́ tí mo jókòó níwájú rẹ tí mo bi ọ́, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọdún mélòó lo ti fi mọ̀ ọ́n?"

"Mẹ́rin."

"Nítorí ibojì Ìyá?"

"Nítorí ibojì Ìyá. Ìtìjú sì ni lẹ́yìn náà."

Anarkan nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. "Omurzak, Ìyá ti kú," ó ní. "Jumadil wà láàyè lọ́jọ́ náà."

Kò sunkún, kò gbé e ṣépè. Ó ní kó jókòó. Ó mú abọ́ tíì. Ẹni tí wọ́n bá ń fẹ́ kó pẹ́ nílé, ìdajì abọ́ ni wọ́n ń bu fún un, á mu ún, wọ́n á gbà á, wọ́n á tún bu ìdajì mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ á fi lọ; àlejò tí wọ́n bá fẹ́ kó tètè lọ ni wọ́n ń bu ún kún fún. Ní gbogbo ayé Omurzak, kò gba ju ìdajì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yìí, Anarkan ń da tíì, ó ń dà á, ó kọjá ìdajì, ó dé etí abọ́, ó kún dẹ́nu. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún un.

Ó gbóná. Omurzak mu ún tán láìsinmi, nítorí kò fẹ́ fi àìmọ̀wàáhù kún ẹ̀ṣẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú, ó dìde, ó wọ bàtà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má wá mọ́. Ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí Anarkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé èmi ni mo pa á."

Omurzak dúró, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù. Kò kù.